Ilé Ìyá Yẹn

Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìfura, kò sì bínú sí i. Ó ní ìfura loògùn àgbà. Ẹni tí kò bá fẹ́ lo oògùn, kó máa ṣàìsàn lọ. Aránṣọ ni. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, ẹsẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ojú lójú títì. Bí èèyàn bá gba iwájú ilé náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìmú nǹkan lọ́wọ́, ó ti rí i. Bó bá kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, yóò dá ẹ̀rọ dúró, yóò sì bi í pé ta ló ń wá.

Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé náà, igbó ló yí wọn ká. Bíríkìlà lọkọ rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi to gbogbo búlọ́ọ̀kù ibẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ lọ máa bá ọ̀bọ dá ẹgbẹ́. Àfi bí ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ oníke ló kọ́kọ́ dé. Àwọn tó wá iṣẹ́ tẹ̀ lé e, àwọn tó ń tajà fún àwọn tó wá iṣẹ́ tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àna kálukú tún ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí pé oko ò bọ́ wọn mọ́, wọ́n sì ti gbọ́ pé iná wà nílùú. Kí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, ọ̀bọ ti lọ, ọkọ rẹ̀ náà ti lọ síbi tí a kì í ti í bọ̀, kànga tí wọ́n ń fi okùn kan fa omi rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti di èyí tí wọ́n ń so okùn mẹ́ta pọ̀ kí garawa tó kan omi. Ilé sún mọ́ ilé débi pé bí ẹnì kan bá sín ní ilé kejì, èèyàn á ti orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ kí i ní pẹ̀lẹ́.

Ṣáláńgá ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Èèyàn mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀ gbẹ́ ẹ fún, ó sì ti kún lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Ìfura fi ṣòfin pé èèyàn méjì péré ni yóò máa gbé yàrá kan nínú ilé òun. Ó ti lé ayálégbé kan jáde rí torí pé ìyá rẹ̀ wá kí i fún ọjọ́ mẹ́ta, tó sì lo oṣù méjì. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́, kò sì sẹ́ni tó tún dán an wò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń bà á lẹ́rù ju ṣáláńgá lọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wó odindi òpópónà kan lẹ́bàá odò. Àwọn awọnlẹ̀ ló kọ́kọ́ wá síbẹ̀, wọ́n ń gbé òpó alámì pupa kiri, wọ́n ń kí èèyàn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni katapílà dé. Àwọn tó dúró bèèrè ìwé ni ilé wó lé lẹ́rù. Àwọn tó ti gbọ́ fínrín ṣáájú, tí wọ́n ti ṣí páànù orí ilé wọn, tí wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, àwọn nìkan ló rí nǹkan gbé lọ. Ìyá Ìfura rìn débẹ̀ lọ wò ó. Ó rí obìnrin kan tó jókòó lórí àwókù ilé tirẹ̀, tó ń fi òkúta na ìṣó tó ti wọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé katapílà ò ní bá òun lójijì.

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló dé tó fi gba awọnlẹ̀ kan sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Kò mọ̀ ni. Ọkùnrin náà ní òun ń bá àwọn tó ń la ọ̀nà ṣiṣẹ́, Ìyá Ìfura sì rò pé ṣọ́bìrì ló ń mú. Ó fún un ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tí ọkọ rẹ̀ kọ́ mọ́ ara ilé nígbà tó yá, tó dá ní òrùlé tirẹ̀. Oṣù kejì ni ìyá lọ gbá ẹ̀yìnkùlé, tó rí òpó alámì pupa lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọkùnrin náà. Kódà, kì í wọn nǹkan kan, òpó ló kàn ń bá ọ̀gá rẹ̀ dì mú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lorúkọ rẹ̀ ti di Awọnlẹ̀.

Awọnlẹ̀ níwà. Ìyẹn gan-an ló ń kọ ìyá lóminú. Ó máa ń tẹríba kí i láàárọ̀, ó ń bá a fa omi, ó sì ń gbá ojúlé láìjẹ́ pé wọ́n rán an. "Ẹni tó bá ń kí èèyàn báyẹn," ó wí fún oníbàárà kan, "ó ní nǹkan tó ń wá nílé onítọ̀hún."

Nígbà tó yá, àwọn nǹkan kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kan ni Awọnlẹ̀ bi í pé ọdún mélòó ni ṣáláńgá ti wà níbẹ̀, àti pé ṣé ó ṣì jìn. Ìyá Ìfura ronú sí i títí di alẹ́. Ta ló ń bèèrè ọjọ́ orí ṣáláńgá bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ dí i pa? Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá a ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tó ń fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Kí lò ń wọ̀n?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe fẹ̀ tó ni."

"Ìwọ tó ò ń gba ibẹ̀ wọlé lójoojúmọ́. Ṣé o ti ń sanra ni?"

Awọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ká téèpù rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Ìyá Ìfura ò rẹ́rìn-ín. Òun náà ń fi téèpù jẹun, ó sì mọ̀ pé a kì í wọn ohun tí a ò fẹ́ gé.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọ̀sán ọjọ́ kan. Iná yàrá ẹ̀yìn ò lágbára, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù ni Awọnlẹ̀ máa ń fi fóònù rẹ̀ sí kó lè gba iná. Fóònù ọ̀hún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì gbọ̀n. Ìyá Ìfura kì í wo fóònù olóhun. Ojú rẹ̀ ló wò ó, òun kọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ nìyí:

Oga moto ti jade. Ola ni a n bo wa wo ile iya yen. E ma je ko mo ki a to de. Eru po o.

Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, nọ́ńbà lásán ni.

Ó ka á tẹnu-pípadé. Ó tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí ètè rẹ̀ ń mì. Ọ̀gá, mọ́tò ti jáde. Ọ̀la ni a ń bọ̀ wá wó ilé ìyá yẹn. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ kí a tó dé. Ẹrù pọ̀ o. Ìyá yẹn. Lẹ́yìn gbogbo omi tí wọ́n jọ fà, kò tilẹ̀ ní orúkọ lẹ́nu wọn, ìyá yẹn lásán ni. Ó fa ìwé ìwọ̀n rẹ̀ yọ, ó sì da gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, láàárín ìwọ̀n àyà àti ìwọ̀n ìbàdí oníbàárà kan. Awọnlẹ̀ ò ní í lè sọ pé wọn ò kọ ọ́ sí òun.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òun ni òpópónà náà máa ń gbé ìwé wá bá. Bí lẹ́tà bá ti abúlé dé, bí ilé-ìwé bá fún ọmọ ní ìwé ìkìlọ̀, Ìyá Ìfura ni yóò bá wọn kà á, yóò sì tún bá wọn tú ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ó ṣì í kà.

Nírọ̀lẹ́, Awọnlẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, eruku títí dé ìpéǹpéjú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"O ṣeun. Fóònù ẹ pariwo."

Ó mú un, ó kà á. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì gbé e mì kíá. Ìyá Ìfura rí ẹ̀rín náà, ó sì rí bó ṣe gbé e mì.

"Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí o, Màmá. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ni." Ó fẹ́ lọ, ó tún padà. "Màmá, ọ̀la ńkọ́? Ṣé ẹ máa wà nílé?"

"Ibo ni ká ní mo fẹ́ lọ?"

"Ẹ máa ń sọ pé ẹ fẹ́ lọ kí àbúrò yín lódìkejì ìlú. Ẹ ò ṣe lọ lọ́la? Kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ dé nírọ̀lẹ́."

"O fẹ́ kí n kúrò nílé."

"Rárá o. Ara yín ni mò ń rò, Màmá. Ẹ ò sinmi."

Ara òun. Ìyá Ìfura wò ó lọ títí tó fi kọjá ọ̀ọ̀dẹ̀. Inú bí i débi pé oúnjẹ kọ̀ ọ́. Páńsá ò fura, páńsá já. Àjà ò fura, àjà jìn. Òun ti fura, kò wá sí ohun tó kàn ju kí òun múra lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Awọnlẹ̀ ti jáde. Ìyá Ìfura ré títì kọjá lọ bá Káfíńtà, aládùúgbò rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ka ìwé náà fún òun àti ìyàwó rẹ̀. Ohùn ẹni tó ń kàwé fún àdúgbò ló fi kà á, ketekete, kò sì fo ẹyọ kan. Nígbà tó dé 'wó ilé', ìyàwó Káfíńtà gbá àyà mú.

"Tiyín nìkan ni àbí gbogbo wa?"

"Ibo lo ti rí katapílà tó ń wó ilé kan ṣoṣo?" ni Ìyá Ìfura wí. "Ṣé ti ẹ̀bá odò, ilé kan ṣoṣo ni?"

Tíṣà ló ń kọjá lọ nígbà náà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ilé kejì sí ti Káfíńtà ló ń gbé. Ó gba ìwé náà, ó fi awò sójú, ó sì wò ó títí.

"Kò sí àmì lórí rẹ̀," ó wí.

"Àmì wo?"

"Àmì ohùn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá wo ilé ni. Wolé-wolé. Ṣáláńgá yín ńkọ́, ìyá?"

"Tíṣà, wolé-wolé wo ló ń sọ pé ká má jẹ́ kí onílé mọ̀? Mọ́tò ni wọ́n sì ní ó ti jáde. Wọ́n ní ẹrù pọ̀. Ẹrù wo ló wà nínú kí wọ́n wo ṣáláńgá?"

Tíṣà yọ awò rẹ̀, ó nù ún. "Ìyẹn náà lójú," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi rí àkàbà lára ògiri ilé rẹ̀.

Káfíńtà gun orí ilé Ìyá Ìfura ní aago mẹ́jọ. Ìṣó tó ti pẹ́ kì í fẹ́ jáde, ó ń ké bí wọ́n ṣe ń fà á, eruku sì ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n ṣe ń gbé páànù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan ni oòrùn ń wọ ibi tí kò dé rí, ó sì hàn pé yàrá tí ìyá rò pé ó tóbi kò tóbi. Lórí igi òrùlé, ọkọ rẹ̀ ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára igi kọ̀ọ̀kan, kó má bàa ṣì wọ́n tò. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ nìyẹn, mẹ́rin tó dà bí àga. Ìyá Ìfura ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún.

"Ṣé ká dúró ni?" Káfíńtà bi í láti òkè.

"Ẹ máa ṣí i lọ. Kí katapílà fọ́ ọ mọ́lẹ̀ ló dáa?"

"Ti yàrá ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ìyá Ìfura nu ojú. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ilé rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ wó o lé ẹrù rẹ̀."

Wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n yọ fèrèsé. Ọkọ̀ tó máa ń kó yẹ̀pẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ lódìkejì ìlú, ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù nìkan ló kù fún ìrìn kejì. Àwọn ayálégbé méjì tó ń ṣe búrẹ́dì, tí wọ́n ń gbé yàrá àárín, gbé máàtírẹ́ẹ̀sì wọn lé orí, wọ́n sì lọ láìbi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìlú ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Ìyá Ìfura ní aago méje ti hu irùngbọ̀n kó tó di aago mẹ́wàá. Ẹnì kan ní pápá ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ẹlòmíràn ní ibi tí ilé-iṣẹ́ oníke á máa da ẹ̀gbin sí ni. Àwọn tí kò tilẹ̀ gbà á gbọ́ náà wá òòlù, nítorí wọ́n rí i pé Tíṣà ń ṣí tirẹ̀, Tíṣà sì mọ̀wé. Ilé mẹ́sàn-án ló ti wà láìlórí nígbà tí oòrùn fi wà ní àárín ọ̀run. Lẹ́yìn náà ni ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ, ṣùgbọ́n ta ló ráyè wòkè?

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta, wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ ní ìkòríta. Gbogbo òpópónà jáde. Ìyá Ìfura dúró sẹ́nu ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wà rí, sísọ́ọ̀sì ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tí sísọ́ọ̀sì lè ṣe fún katapílà, àmọ́ òun ló wà lọ́wọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló yọ. Bẹ́ẹ̀dì onígi wà lórí rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè, ìkòkò wà níbẹ̀, àti àpò mẹ́ta tí wọ́n fi okùn dì. Awọnlẹ̀ jókòó ti awakọ̀. Ọkọ̀ dúró níwájú ilé, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ mẹ́ta mìíràn bọ́ọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, ara gbogbo wọn funfun fún eruku ọ̀nà jíjìn.

"Ẹ kú ilé, Màmá," ni obìnrin náà wí. Ó wo ọ̀run tó wà nínú yàrá, ó sì yí padà wo ọkọ rẹ̀. "Ṣé ibí ni?"

Awọnlẹ̀ sún mọ́ Ìyá Ìfura. "Màmá, ta ló ṣe yín báyìí?"

"Ìwọ ni mo fẹ́ bi. Katapílà dà?"

"Katapílà wo?"

Ìyá Ìfura ṣí ìwé ìwọ̀n rẹ̀, ó nà án sí i, ó fi ìka tọ́ka sí i. Awọnlẹ̀ kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyá sì rí i tí ètè rẹ̀ ń gbìyànjú oríṣi ohùn kan, tó tún ń gbìyànjú òmíràn. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà.

"Wọ ilé ni, Màmá. Kì í ṣe wó ilé. Awakọ̀ ló bá ìyàwó mi kọ ọ́." Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo mọ̀ pé tí mo bá bi yín, ẹ ò ní gbà. Èèyàn méjì ni ẹ máa ń ní kó gbé yàrá, àwa sì jẹ́ mẹ́fà. Mo ní tí wọ́n bá ti wọlé tán, tẹ́ ẹ ti rí ojú àwọn ọmọ, bóyá àánú á ṣe yín. Bẹ́ẹ̀dì yìí ni mò ń wọn ẹnu ọ̀nà fún. Ṣáláńgá, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè gbà wá."

Ìyá Ìfura wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo àwọn ọmọ.

Àwọn èèyàn ti pé lé wọn lórí báyìí, gbogbo àwọn tó ti ń fa ìṣó láti àárọ̀. Wọn ò gbọ́ ohun tí Awọnlẹ̀ sọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé katapílà ò wá, àti pé Awọnlẹ̀ dé.

"Òun ni," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. "Òun tó ń bá wọn gbé òpó kiri. Ó fi ọ̀rọ̀ lé wa jáde kó lè kó àwọn èèyàn tirẹ̀ wọlé."

"Ẹ ò rí i? Ó ti kó wọn dé."

Ọkùnrin kan di Awọnlẹ̀ ní kọ́là. Ọmọ rẹ̀ tó dàgbà jù di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Káfíńtà, tí òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọjú sí Ìyá Ìfura. "Ìyá, ẹ sọ fún wa. Ta ló ní wọ́n ń bọ̀ wá wó ilé?"

Ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀. Ìyá Ìfura mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọn ò ní bi òun mọ́. Wọ́n á lù ú, wọ́n á lé e, òun àti ìyàwó àti ọmọ, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀ láé pé Ìyá Ìfura, tó ń kàwé fún gbogbo ilé, ló ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kà, tí ilé mẹ́sàn-án fi wà láìlórí. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Kí ó má bàa purọ́, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà sì gùn fún Awọnlẹ̀, torí wọ́n ti fún un ní ìgbájú kan.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí.

Wọn ò gbọ́. Ó tún un sọ, ohùn tó fi ń kàwé ló fi sọ ọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá wọ ilé ni wọ́n kọ. Èmi ni mo kà á ní 'wó'. Kò sẹ́ni tó ní wọ́n ń bọ̀ wá wó o àfi èmi."

Ọkùnrin náà jọ̀wọ́ kọ́là.

"Mo sọ pé kò sí àmì lórí rẹ̀," ni Tíṣà wí.

"Tíṣà, àkàbà yín ṣì wà lára ògiri," ni ìyàwó Káfíńtà dá a lóhùn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kú. Obìnrin kan ṣépè fún Ìyá Ìfura lójú rẹ̀ gbangba. Káfíńtà wo àwọn ìṣó tó wà lápò rẹ̀, tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wọ́, ó sì mi orí.

Òjò ò dúró kí ìjà parí. Ẹ̀kán ńlá-ńlá ló fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn sì túká, kálukú ń sáré lọ sí ilé tí kò ní òrùlé láti lọ bo ohun tó bá lè bò. Ìyá Ìfura dúró nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, omi ń kán sórí aṣọ àwọn oníbàárà. Awọnlẹ̀ wọlé bá a. Ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká, ó sì gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí páànù ṣì wà. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn aṣọ, àwọn ọmọ kó bébà àti sísọ́ọ̀sì. Nígbà tí kò sí ohun tó kù láti kó, ìyá náà tẹ̀ lé wọn.

Èèyàn méje ló wà nínú yàrá náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ àti bẹ́ẹ̀dì tí ó kọ̀ láti wọlé, tí ìdajì rẹ̀ wà níta. Ìyàwó Awọnlẹ̀ tẹ́ ẹní, ó ní kí ìyá jókòó síbi tó gbẹ jù. Òjò ń lu páànù, wọ́n sì ní láti sún mọ́ra kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn.

"Màmá, ẹ má bínú," ni obìnrin náà wí. "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa ń wó ilé níbí náà?"

"Níbí náà?"

"Tiwa ni wọ́n wó lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tí wọ́n ń là bọ̀ wá sílùú gba àárín abúlé wa. Ìdí tá a fi wá nìyẹn." Ó yí ọmọ ọwọ́ sí apá kejì. "Bàbá wọn gan-an wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wọn tiwa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ ni. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ fún, òun náà ò bèèrè. Ó ń dunnú pé òun ríṣẹ́."

Ìyá Ìfura yíjú sí Awọnlẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àkísà dí ibi tí omi ń gbà wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú níbi tí wọ́n gbá a. Ó gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ, àmọ́ kò yíjú padà. Ìyá Ìfura fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, kí ọmọ tó ti ń sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè rí ibi na tirẹ̀ sí.